Ìjọsìn Wa ní Ayé Òde Òní: Kí ni Kí a Mú, Kí ni Kí a Fi Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ikùn wa tí a ti ń gbé kiri láti ìgbà díẹ̀ wá, tí a ń wò ó bóyá kí a sọ ọ́ jáde tàbí kí a gbé e mì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn ni a fi ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìjọsìn àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá: èdè tí a fi ń sìn, orin tí a ń kọ, ìlù tí a ń lù, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe bá ayé tí a wà nínú rẹ̀ lónìí mu.

Ohun tí ó ru ọ̀rọ̀ yìí sókè nínú wa ni ìsìn ìsìnkú ìyá àgbà kan tí a lọ ní ìgboro Èkó. Ìyá náà ti lé ní 80 ọdún. Aṣọ ni ó tà títí agbára fi tán. Kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ Bíbélì Yorùbá rẹ̀ bí ẹní mowó, kò sì sí orin inú Ìwé Orin Mímọ́ tí ìwọ yóò bẹ̀rẹ̀ tí kò ní bá ọ parí. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin, Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi gbàdúrà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi wàásù, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ka ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ akọrin di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, wọ́n ń kọ orin tuntun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń hàn lára ògiri. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá náà, tí wọ́n bá a jẹ, tí wọ́n bá a mu, tí wọ́n bá a ná ọjà láti ìgbà èwe, jókòó nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tí a mú wá sí ilé ẹjọ́ tí a kò sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún. Ìgbà tí a dé etí ibojì ni ọ̀kan nínú wọn, tí kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni, gbé orin. Ni àwọn yòókù bá gbà á, ni omijé bá bọ́. A bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ-ọmọ olóògbé, léèrè pé kí ni orin náà ń wí. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn létí òun.

Ǹjẹ́ ta ni kí a bá wí? Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní ayé ti yí padà, ìsìn àwọn bàbá àwọn ti di ògbólógbòó aṣọ. Àwọn àgbà yóò ní àwọn ọmọ ìwòyí ti sọ ilé Ọlọ́run di ilé eré. Àwa kò ní gbè sí ẹ̀yìn ẹnìkan nínú wọn kí a tó gbọ́ ẹjọ́, nítorí pé àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Láti ọjọ́ tí ìhìnrere ti ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni a ti ń béèrè pé: bí ó bá dé ilé titun, kí ni yóò wọ̀, èdè wo ni yóò sì sọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń sìn ni a ti ń sìn láti ìgbà àwọn Àpọ́sítélì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abọ̀rìṣà ni àwọn baba ńlá tiwọn náà. Ní ọdún 601, Póòpù Gregory ti Róòmù kọ ìwé sí Mellitus, ọ̀kan nínú àwọn tí ó rán lọ wàásù fún wọn, pé kí wọ́n má ṣe wó ilé òrìṣà àwọn ènìyàn náà. Ó ní kí wọ́n pa àwọn ère inú rẹ̀ run, kí wọ́n fi omi mímọ́ wọ́n ilé náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run, kí àwọn ènìyàn lè máa wá síbi tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀. Ó tún ní, níwọ̀n bí wọ́n ti ń pa màlúù bọ òrìṣà, kí a jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ka igi pa àgọ́ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká ní ọjọ́ àjọ̀dún, kí wọ́n pa ẹran, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì fi ọpẹ́ fún Olùfúnni ní ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá ti rí ọjọ́ ìkórè ní ilẹ̀ wa, tí ó rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbébọ̀ adìẹ ní iwájú pẹpẹ, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò jìnnà sí wa.

Síbẹ̀, èdè Látìn ni wọ́n fi ń sìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí 900 ọdún lẹ́yìn náà. Ọdún 1549 ni òfin tó sọ ọ́ di dandan kí a máa lo Ìwé Àdúrà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ yóò rò pé gbogbo ènìyàn ni yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Cornwall àti Devon dìde ogun lòdì sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Lára ohun tí àwọn ará Cornwall wí ni pé àwọn mìíràn nínú wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, nítorí pé èdè tiwọn yàtọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ohun tí a fi ṣe ìrọ̀rùn fún ẹnìkan di àjàgà ní ọrùn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń yí ìsìn padà nítorí kí ó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, ta ni kò ní yé mọ́?

Nígbà tí ó kan àwa náà, Ọlọ́run fún wa ní ẹni tí ó mọ iyì èdè. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822 tí a sì mú lọ sí Sàró, di àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún náà gan-an ni ìwé tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni, ṣe ni ó dàbí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni òun, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ó ti súre tán, gbogbo ilé ìsìn hó lẹ́ẹ̀kan náà pé: Kí ó ṣẹ!

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yẹn. Ohun tí a máa ń wí ní ilé nìyẹn nígbà tí bàbá tàbí ìyá bá wúre fún ọmọ. Àwọn ènìyàn tí a ti já gbà kúrò ní ilé wọn, tí wọ́n ti la òkun já nínú ọkọ̀ ẹrú, gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ohùn tí ìyá wọn fi ń kí wọn, wọ́n sì dáhùn ní ohùn kan náà. Kò sí ìlù ńbẹ̀, kò sí aṣọ òkè, kò sí ohun kan tí à bá tọ́ka sí pé àṣà ilẹ̀ wa nìyí. Ọ̀rọ̀ tí ó wọlé sí etí tí ó sì dé ọkàn ni ó wà ńbẹ̀. Ní tiwa, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gbogbo ohun tí a ń pè ní àtúnṣe ìsìn.

Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá pé ní ọdún 1884, ilé náà ti dúró. Ẹ kíyè sí ohun tí a fi kọ́ ọ. Àlùfáà, àdúrà, ìwàásù, wòlíì, gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a gbà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti wà láàrin wa kí Kristẹni tó dé. Kò sí ẹni tí ó rántí mọ́ pé yíyá ni a yá wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìmúlò ni ó bọ́ sí i. A mú orúkọ Èṣù, tí ó jẹ́ oníṣẹ́ láàrin ènìyàn àti òrìṣà nínú ẹ̀sìn àwọn baba wa, a fi pe Sátánì. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń wí pé a ṣi orúkọ pè. Èyí kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ń fi ohun ìbílẹ̀ ṣe ohun ìsìn gbọ́dọ̀ mọ ohun náà tinú tẹ̀yìn kí ó tó gbé e.

Ọ̀rọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n orin kò bá a wọlé. Ibí yìí ni ìṣòro ńlá ti bẹ̀rẹ̀. A mú orin Gẹ̀ẹ́sì, a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì náà kọ ọ́ bí ó ti wà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sí ewu, nítorí pé bí ohùn bá gòkè tàbí bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ náà. Ní èdè wa, ohùn ni ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí olórí akọrin gbé ohùn sókè ní òpin "ẹ̀ṣẹ̀", ó ti di "ẹ̀ṣẹ́": àwọn tí ó fẹ́ tọrọ ìdáríjì ń sọ nípa ìjà. Kí ó gbé òpin "ẹ̀jẹ̀" sókè, ó ti di "ẹ̀jẹ́". Kí ó bẹ̀rẹ̀ "ọ̀run" ní òkè kí ó sì parí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọrùn tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí ni ó ń kọrin nípa rẹ̀. Àwa tí a ti mọ orin náà láti kékeré kì í kíyè sí i, nítorí pé ìrántí wa ni ó ń tún un ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ni a sọ fún un?

Ìṣòro mìíràn tún wà lábẹ́ èyí. Ohùn kan ṣoṣo ni orin Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Bí ẹsẹ kìn-ín-ní bá tilẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ohùn orin, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì yàtọ̀, ti ẹ̀kẹta yàtọ̀, ohùn orin kò sì yí padà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni orin tiwa. Bí ẹni tí ó ń lé orin bá yí ọ̀rọ̀ padà, ohùn orin náà a yí tẹ̀ lé e, àwọn tí ń gbè é yóò sì dúró lórí ègbè tí wọ́n ti mọ̀. Nítorí náà ni orin wa kò fi nílò ìwé ní ọwọ́, tí ìyá tí kò kàwé sì lè bá a lọ láìkọsẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa kò ká ọwọ́ gbera. Ní ọdún 1888 àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó ya ara wọn sọ́tọ̀. Ní ọdún 1891 a dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ní ọdún 1901 a dá African Church sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí orin nìkan ni wọ́n fi ya, nítorí pé ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ọ̀wọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsìn kò gbẹ́yìn. Mojola Agbebi, ẹni tí ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní ọdún 1894, wàásù fún African Church ní ọdún 1902, ó sì wí pé ìwé orin, dùùrù, aṣọ funfun akọrin, orúkọ òyìnbó àti aṣọ òyìnbó kì í ṣe kòṣeémáàní. Ọ̀pá ìtilẹ̀ lásán ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ronú.

Àwọn mìíràn dúró nínú ìjọ tí wọ́n wà, wọ́n sì ń tún un ṣe láti inú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí ó kú ní ọdún 1930, ṣe àwọn orin tí ohùn wọn bá ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn. Ní ọdún 1922, ó kọ orin tí ó ju 40 lọ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà Kristi ní Marina, Èkó, láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá bí a ṣe lè so ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀ láìfi ọ̀kan pa èkejì. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953. Ọkùnrin yìí kò kórìíra dùùrù, nítorí pé òun ni a fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé dùùrù gbọ́dọ̀ sin ọ̀rọ̀, kì í ṣe kí ọ̀rọ̀ sin dùùrù.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn Aládùrà dé. Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925, ìsọjí Joseph Ayo Babalola ní Ìléṣà sì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1930. Àtẹ́wọ́, ìlù, ijó, orin tí a ń lé tí a sì ń gbè, gbogbo rẹ̀ wọ ilé ìsìn. Àwọn àgbà ìjọ kan bẹ̀rù. Wọ́n ní ìlù tí ó ń ki òrìṣà ní àná, báwo ni yóò ṣe ki Jésù lónìí? A kò lè fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìlù kì í ṣe òrìṣà. Ẹnu ni ìlù. Ẹnu tí ó búni ní àná lè súre lónìí, bí ọkàn tí ó ń lò ó bá ti yí padà. Gángan sì ní ohun kan tí dùùrù kò ní: ó mọ ohùn èdè wa, ó lè pe orúkọ Olúwa kí olùgbọ́ sì mọ̀ pé orúkọ Olúwa ni ó pè. Nígbà tí ìpàdé ńlá àwọn Àgùdà ní Róòmù fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 pé a lè lo èdè ìlú kọ̀ọ̀kan nínú Mísà, ìlù wa wọ ilé wọn náà.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ilẹ̀ Kóńgò, tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, Róòmù fi ọwọ́ sí ìlànà Mísà kan ní ọdún 1988 fún àwọn ará ibẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti ń ké pe àwọn ẹni mímọ́ pẹ̀lú àwọn baba ńlá tí ó gbé ayé òdodo, a ń jó yí pẹpẹ ká, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì ń tẹ̀lé ìwàásù, nítorí pé ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2019, Póòpù Francis fi ìlànà yìí ṣe Mísà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Èyí tí a rò pé a ń ṣe fún àwọn ará oko dé àárín ààfin.

Àwọn Lútérànì pẹ̀lú pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní Nairobi, ilẹ̀ Kenya, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí ni a lè sọ ní ọ̀nà mẹ́rin. Èkínní, ohun kan wà nínú ìsìn tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, tí kò gbọ́dọ̀ yí padà: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ìrìbọmi, oúnjẹ Olúwa. Èkejì, ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ tí a wà mu. Ẹ̀kẹta, ohun kan wà tí ìsìn gbọ́dọ̀ bá wí nínú àṣà ilẹ̀ náà. Ẹ̀kẹrin, ó yẹ kí ilẹ̀ kan máa gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ilẹ̀ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìwọ̀n dáadáa ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìjọsìn wa ti òde òní lé orí rẹ̀.

Nípa gbígba ẹ̀bùn, àwa kò wí pé kí a kó orin Gẹ̀ẹ́sì dànù. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni ó fi orin wọ̀nyí tọ́ ọmọ, tí ó fi wọ́n sin òkú, tí ó sì gbé wọn sí ẹnu títí ẹ̀mí fi bọ́. Ohun tí a ti fi ẹkún àti ayọ̀ rà kì í ṣe àjèjì mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò bá ẹ̀rọ jà. Ní ọdún 2020 tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ìwàásù, ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì bá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn gbàdúrà ní wákàtí kan náà. Ẹ̀rọ tí ó ṣe èyí kì í ṣe ọ̀tá.

Nípa bíbá àṣà wí, ibẹ̀ ni a ti jẹ gbèsè. Ó yá wa lára láti mú ìlù àti aṣọ òkè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì mú ìfigagbága wọlé pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ ìkórè tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ọpẹ́ ti fẹ́ di ọjọ́ tí a ń pe olówó ní orúkọ kí a lè mọ ẹni tí ó ju ẹnìkejì lọ. Obìnrin tí ó ta ata ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yá owó ra aṣọ ẹgbẹ́ kí ojú má baà tì í níwájú Ọlọ́run tí kò béèrè aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kì í ṣe àṣà ilẹ̀ wa tí a gbà bọ ìjọsìn; àléébù wa ni, tí a wọ̀ ní aṣọ akọrin.

Nípa bíbá ilẹ̀ mu ni ọ̀rọ̀ wa pọ̀ sí jù. Láyé àná, ohùn orin àjèjì ni ó bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀, a sì jà títí a fi rí i tú. Lónìí, ọwọ́ ara wa ni a fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà jùnù. A ní gángan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, a ní agbádá, a ní ijó. Ṣùgbọ́n ìwàásù kò sí ní èdè tí ìyá wa gbọ́. Bí a bá fi ìlù Yorùbá lu orin tí àgbà Yorùbá kò gbọ́, kí ni a mú bá ilẹ̀ mu? A mọ àwíjàre àwọn tí ó ń ṣe é. Èkó ti di ìlú gbogbo ènìyàn. Ìgbò, Ẹ̀dó àti Íjọ̀ ń jókòó ní orí àga kan náà pẹ̀lú wa, a kò sì lè lé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò tíì kú. Josiah Akindayomi, tí ó dá Ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní ọdún 1952, kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Yorùbá ni ó fi ń wàásù. Ẹni tí ó sì ń gbufọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Enoch Adeboye, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ni ó di olórí ìjọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àgbà tí kò mọ̀wé àti olùkọ́ yunifásítì bá lè dúró ní orí pẹpẹ kan náà, kí ọ̀rọ̀ má sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́?

Nítorí náà, ohun tí a rò pé ó tọ́ kò le. Kí gbogbo olórí akọrin tí ó bá ṣe orin Yorùbá tuntun kọ́kọ́ kọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ ẹnìkan tí kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé, kí ó sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ "ẹ̀ṣẹ́" níbi tí a ti wí pé "ẹ̀ṣẹ̀", kí ó padà lọ tún un ṣe. Kí àwọn tí ń tẹ ìwé orin fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa kò lè mọ èyí tí a ń pè láìsí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sì máa hàn lára ògiri, kí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ hàn. Níbi ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìkórè, níbi tí àgbà àti èwe ti ń pàdé, kí ògbufọ̀ má ṣe wọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí a fún ọmọ ní Bíbélì Yorùbá kí ó kà á sókè, kódà bí ó bá ń kọsẹ̀. Kí àwọn àgbà náà sì gba orin àwọn ọ̀dọ́ láìdi ojú, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ti jẹ́ òtítọ́. Bí onílù bá yí ìlù padà, ó yẹ kí onijó náà yí ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé yìí, Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá tí a kò mọ orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ẹnu wọn gbé ògiri rẹ̀ ró ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi gbogbo. Ọmọ-ọmọ ìyá tí a sin ní Èkó yẹn kì í ṣe ọmọ burúkú. Orin náà dùn létí rẹ̀. Ẹnìkan ni kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá kan òun náà láti sin ìyá rẹ̀, tí ẹnìkan bá súre ní ẹnu ibojì, àdúrà wa ni pé kí ó mọ ohun tí a wí, kí ó sì lè dáhùn ní èdè tí àwọn tí a kó lẹ́rú fi dáhùn ní Freetown ní ọdún 1844 pé:

Kí ó ṣẹ.